Ìyàwó Mi Kò Fọwọ́ Kàn Mí

Ẹ̀yin ará, ọpẹ́ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ dá lọ́wọ́ Ọlọ́run, pé mo ṣì wà láàyè láti sọ èyí fúnra mi.

Basement ilé kan, ìyẹn yàrá abẹ́ ilẹ̀, la ń gbé ní àdúgbò Jane and Finch níbí. Lọ́sàn-án Saturday kan lóṣù tó kọjá, omi yìnyín tó yọ́ wọlé wá, ó sì tàn dé ìdí ẹ̀rọ ìfọṣọ. Mo bọ́ bàtà, mo ká ṣòkòtò, mo ń gbọ́n ọn. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ pa iná. Mi ò pa á. Mo ní kí n sún ẹ̀rọ náà kúrò nínú omi, mo bá fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

Iná gbé mi. Mo fẹ́ fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ni ọwọ́ mi ń dì í mú sí i. Ẹnu mi ò ṣí. Inú ọkàn mi ni mo ti pe Jésù.

Fúnmiláyọ̀, ìyàwó mi, wà lórí àtẹ̀gùn. Ó na ọwọ́ sí mi, ó dúró, ó yí ẹ̀yìn padà, ó sì sáré gòkè. Mo rò pé ó sá fi mí sílẹ̀ ni. Bí mo ṣe ń rò ó lọ́wọ́ ni gbogbo ilé ṣókùnkùn, tí mo sì ṣubú sínú omi. Bírékà tí wọ́n fi ń pa iná gbogbo ilé, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn lókè, ló lọ pa.

Ní hospital, mo bi dókítà pé ṣé iná ilé lásán lè pa èèyàn.

Ó ní, "Ó lè pa á dáadáa. Bí iná tó gba ara kọjá ṣe pọ̀ tó, àti bó ṣe pẹ́ tó, àwọn méjèèjì ló ń pinnu ẹ̀. Omi tí ẹ dúró sí jẹ́ kó pọ̀. Ká ní ó pẹ́ sí i díẹ̀, ọkàn yín lè dáwọ́ dúró. Ká ní ìyàwó yín sì dì yín mú, iná á gbé òun náà."

Nínú mọ́tò, Fúnmiláyọ̀ ní, "Ó wù mí kí n dì yín mú. Mo kàn gbọ́ nínú mi pé, lọ pa iná." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Mo rí ojú yín. Ẹ rò pé mo sá."

Mi ò lè purọ́ fún un. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì bẹ̀ ẹ́.

Ọlọ́run tó bá a sọ̀rọ̀ ni ògo yẹ. Ìyàwó mi náà ló jókòó síbẹ̀ yẹn. Fúnmi, jọ̀ọ́, dìde. Ẹ bá wa yọ̀.