Nọ́mbà Kẹjọ Lára Ògiri

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ikú tó pa ẹnu mi dé. Eyín mẹ́rin péré ló kù nínú ẹnu ọ̀hún, dókítà sì ní ọkàn mi ti ń kọṣẹ́ bí ẹ́ńjìnnì àlòkù. Ẹ̀yin ọmọ àti ọmọ-ọmọ mi, ẹ ti àga onítáyà àbúrò mi ọkùnrin súnmọ́ ibi tí ẹ ti ń ka ìwé yìí. Òun ló ni ọ̀rọ̀.

Nígbà tí ìdí mi ṣì ń gba abẹ́ ọkọ̀, èmi ni mo máa ń to ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìje, ìje ojú ọ̀nà tààrà tí kì í ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ lọ. Tọ́bò tí mo ń dè mọ́ ọn tóbi ju orí mi lọ, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Bí agbára ṣe ń pọ̀ ni ìyà ń jẹ gbogbo bóòtù inú rẹ̀. Nítorí náà mo ní òfin kan. Bóòtù mẹ́jọ ló di àwọn písítìnnì, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì, mú nísàlẹ̀. Bí mo bá ti fún ọ̀kan le, màá wọn bó ṣe nà tó, torí bóòtù tó bá le dáadáa máa ń nà díẹ̀, màá fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́mbà rẹ̀ sára ògiri. Bí nọ́mbà mẹ́jọ kò bá pé, ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ jáde.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìje kan, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ìkeje ni mẹkáníìkì tí a jọ ń figagbága yọjú sẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá Tọ́bò, ṣé ẹ́ńjìnnì lẹ̀ ń tò ni, àbí irun lẹ̀ ń dì?"

"Irun ìyá ẹ ni! Tó bá dọ̀sán, èéfín wa lo máa jẹ yó."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ̀rín ọ̀hún ló ṣe mí. Mo padà sídìí iṣẹ́, mo rò pé mo ti parí, mo dé ẹ́ńjìnnì pa. A ti gbé e sínú ọkọ̀ kí n tó wo ògiri. Nọ́mbà méje. Bóòtù kẹjọ, ọwọ́ lásán ni mo fi yí i.

Bí mo bá tú u, ìje lọ nìyẹn. Àbúrò mi tó fẹ́ wa ọkọ̀ ń so okùn bàtà rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó pé?"

Mo fi ẹ̀yìn mi gbàgàdà bo ògiri, mo ti inú agbárí mi burúkú hú nọ́mbà kan jáde, mo kọ ọ́. "Ó pé bí eyín ọmọge."

Ẹ́ńjìnnì fọ́ lágbedeméjì ọ̀nà. Irin ya ilẹ̀ ọkọ̀, ó sì gé ẹsẹ̀ àbúrò mi méjèèjì.

Ẹ dúró, n kò tíì dé ibi tó burú jù. Nígbà tí wọ́n bi mí ohun tó fà á, mo ní òun ló yí agbára tọ́bò sókè ju bí mo ṣe sọ fún un lọ. Gbogbo ayé gbà mí gbọ́. Òun náà, tí kò rántí ohunkóhun nípa ọjọ́ yẹn mọ́, gbà mí gbọ́. Lórí ibùsùn ilé ìwòsàn ló ti di ọwọ́ mi mú: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ foríjì mí. Mo ba iṣẹ́ ọwọ́ yín jẹ́."

Èmi ọ̀dájú ní, "Mo ti foríjì ọ́."

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé tó ń sọ fún gbogbo ọmọ ilé yìí pé, "Ìwàǹwára ló gé ẹsẹ̀ mi. Ẹ máa gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu." Àgbà ọ̀hún á jókòó ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á máa jẹran nìṣó.

Àbúrò mi, o kò yí nǹkankan. Èmi ni. Ìforíjì tí mo fún ọ lọ́jọ́ yẹn, jù ú sórí ààtàn, mi ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Bí ìforíjì díẹ̀ bá kù lọ́wọ́ ìwọ, fún mi. Bí kò bá sì kù, ní kí ẹni tó ń kàwé yìí ti àga rẹ jáde. N kò ní pè ọ́ padà.