Iná Ara Sáfà Tí Mo Fi Tépù Dúdú Bò

Ẹ dákun, Àáfà Àbdùlàhí, ẹ má tíì ṣe àdúrà ìdágbére yẹn. Ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀ ná. Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ̀yin tí a jọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, ẹ̀yin aládùúgbò tí ẹ pa oko tì lónìí nítorí èmi Búrẹ́mọ̀, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n bí mo bá jẹ ìrẹsì yìí tán, tí mo wọkọ̀, tí mo forí lé Mẹ́kà láìsọ̀rọ̀, mo tàn yín jẹ nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé tí oorun ò kùn mí. Bí mo bá jókòó, ara mi ò ní gbà á; bí mo bá dìde, mi ò mọ ibi tí mò ń lọ. Tàófíìk ọmọ mi, má fà mí láṣọ, orí mi ò dàrú. Ọ̀rọ̀ Mùnírátù ni, òun tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn, tó gun ọ̀kadà láti Ayétẹ̀ wá kí mi pé ó dàbọ̀. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé wọ́n lé e níṣẹ́ lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, pé òun ló ba ẹ̀rọ tó ń tọ́jú ìwé àwọn aláìsàn jẹ́. Kì í ṣe òun. Èmi ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀rọ náà kó lè yé tọmọdé tàgbà. Sáfà là ń pè é. Kì í ṣe irú kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ fi ń wo bọ́ọ̀lù o. Irin gígùn pẹlẹbẹ kan ni, yàrá tútù ló ń gbé, gbogbo kọ̀ǹpútà àwọn nọ́ọ̀sì sì ń bi í léèrè kí wọ́n tó mọ ohunkóhun nípa aláìsàn. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé kò sóhun tí kì í bàjẹ́, ni wọ́n bá ṣe ohun tó ṣe kókó níbẹ̀ ní méjì-méjì. Ẹnu méjì ló fi ń jẹ iná, ọ̀kan lára NẸ́PÀ, ọ̀kan lára sólà. Bí NẸ́PÀ bá múná lọ, kò tiẹ̀ ní mọ̀. Bí fáànù kan bá dákẹ́, àwọn yòókù á sáré sí i. Dísìkì tó ń kọ ìwé sí náà, méjì ni. Ohun tí ọ̀kan bá kọ, èkejì á kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì á máa báṣẹ́ lọ. Ìlú wo la wà? Igbó-Ọrà, ìlú ìbejì! Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé ni àwọn nọ́ọ̀sì ti sọ dísìkì méjèèjì lórúkọ. Mùnírátù, akọ̀wé tó ń tọ́jú ìwé àwọn aláìsàn, ló fi báírò kọ Táíwò sára tòsì, ó kọ Kẹ́hìndé sára tọ̀tún. Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa, mi ò tíì dé ibi tó burú.

Bí ọ̀kan bá kú, iná ara rẹ̀ tó jẹ́ aláwọ̀ ewé á di àwọ̀ ọsàn, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Èèyàn á fa òkú dísìkì yọ, á ki tuntun bọ̀ ọ́, kò ní pa ẹ̀rọ rárá. Tuntun kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ èmi tí mò ń mójú tó ẹ̀rọ náà ni kọ́kọ́rọ́ wà. Godwin, ẹnjiníà tó ń ti Ìbàdàn wá tọ́jú ẹ̀rọ náà, ti kìlọ̀ fún mi: "Bàbá Tàófíìk, ọjọ́ tí iná yẹn bá yí padà, ẹ má jẹ́ kílẹ̀ ọjọ́ náà ṣú. Ọjọ́ kan náà làwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bó bá ti rẹ ọ̀kan, ó ń rẹ èkejì náà nìyẹn." Mo ní mo ti gbọ́. Ẹlẹ́nu dídùn ni mí, ẹ mọ̀ mí.

Mo jí dísìkì inú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Mi ò sọ pé mo yá a o, mo ní mo jí i. Kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù mi ní Èrúwà ló dákẹ́ lásìkò tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń wá fi orúkọ sílẹ̀, mo bá gbé e lọ síbẹ̀. Mo ní bó bá dọ̀la màá ra òmíràn dá padà. Kò pé oṣù méjì, Táíwò kú. Ẹ̀rọ ń ké, iná di àwọ̀ ọsàn, kọ́bọ́ọ̀dù sì ṣófo. Kí ni mo ṣe? Mo tẹ bọ́tìnì tó ń pa á lẹ́nu mọ́. Mo gé tépù dúdú, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ iná náà. Ẹ wo àgbàlagbà bíi tèmi! Lọ́jọ́ kejì Mùnírátù wọlé wá nu eruku. "Bàbá Tàófíìk, ẹ̀rọ yín ké lánàá o." Mo ní ebi ló ń pa á. Ó rẹ́rìn-ín. Ó tún bi mí pé, "Kí wá lẹ lẹ̀ mọ́ Táíwò lójú?" Mo ní iná ẹ̀ ń gún mi lójú. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wo oòrùn lóko?" Ó ń dápàárá ni, àmọ́ kò fi mọ síbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní kí n pe Godwin. Mo ní mo ti pè é. Irọ́. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni Kẹ́hìndé fi dá gbé ẹrù èèyàn méjì.

Ọjọ́bọ̀ kan, ọjọ́ àwọn aláboyún, ni Kẹ́hìndé náà dákẹ́. Gbogbo kọ̀ǹpútà ṣófo lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé ọdún mẹ́fà! Obìnrin kan, Rùkáyyàh, ń rọbí lọ́wọ́, wọ́n fẹ́ mọ abẹ́rẹ́ tí ara rẹ̀ kì í gbà, kò lè sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ ló gun ọ̀kadà lọ wá káàdì rẹ̀ àtijọ́ nílé. Ọlọ́run ló yọ wá. Níbi tí gbogbo èèyàn ti ń sáré kiri, èmi wọ yàrá ẹ̀rọ, mo tilẹ̀kùn. Mo ṣí tépù kúrò, mo fi èékánná ha gọ́ọ̀mù rẹ̀. Mo fa Táíwò síta díẹ̀, kó lè dà bí ẹni pé ẹnì kan ló ṣì í fà, tí iṣẹ́ fi wọ Kẹ́hìndé lọ́rùn nìkan. Sáfà yẹn tún ní ọpọlọ kékeré kan tí kì í sùn, tó ń kọ ọjọ́ àti wákàtí tí nǹkan bá bàjẹ́ lára rẹ̀. Mo ṣí i, mo rí ọjọ́ tí Táíwò kú níbẹ̀ gbọnrangandan. Mo pa á rẹ́. Ọwọ́ yìí ni mo fi tẹ̀ ẹ́.

Godwin dé. Ó ní, "Ta ló fa eléyìí síta?" Mo ní Mùnírátù ló máa ń nu yàrá náà. Mi ò sọ pé òun ni. Mo kàn ju ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n fúnra wọn ṣà á. Dókítà Adélékè, ọ̀gá wa, ní kí wọ́n pe Mùnírátù wá. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rọ yẹn ti ké rí, ó ti pẹ́, mo sọ fún Bàbá Tàófíìk. Ẹ bi wọ́n." Dókítà yíjú sí mi. Ibẹ̀ ló burú sí jù, ẹ̀yin èèyàn mi. Olè jíjà ò tó o, tépù ò tó o. Ọmọ yẹn fi mí ṣe ẹlẹ́rìí nítorí ó rò pé olóòótọ́ ni mí. Mo ní, "Mi ò rántí." Kò bú mi. Ohun tó sọ ò ju, "Ẹ̀yin, Bàbá Tàófíìk?" Wọ́n lé e kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Títí dòní, gbágùúdá ló ń bó fáwọn tó ń dín gààrí l'Áyétẹ̀, àwọn ìyá ọmọ á sì máa nàka sí i pé òun ló pa ìwé ìbí ọmọ àwọn rẹ́. Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Lára tèmi, irọ́ ni. Mi ò gbàgbé lọ́jọ́ kan.

Ẹ mọ àṣà wa: ẹni tó ń lọ Mẹ́kà á kọ́kọ́ lọ tọrọ àforíjì láti ilé dé ilé. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ní, "Mùnírátù, bí mo bá ti ṣẹ̀ ọ́ rí, foríjì mí." Mo rọra sọ ọ́ wẹ́rẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún gbogbo yín. Ó rẹ́rìn-ín. "Kí lẹ ṣe fún mi rí? Ẹ ò kàn rántí lọ́jọ́ yẹn ni. Mo foríjì yín láyé àti lọ́run. Tẹ́ ẹ bá dé òkè Árúfà, ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kó fọ orúkọ mi mọ́." Èmi tí mo ba orúkọ náà jẹ́, mo ní "Àmín"! Mo ṣe àmín, mo sì gun ọ̀kadà padà sílé. Láti ọjọ́ náà ni ara mi ò ti balẹ̀ mọ́. Àforíjì tí mo gbà yẹn, mo jí i ni, bí mo ṣe jí dísìkì.

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, mo fọwọ́ sí i, Dókítà Adélékè gbà á láàárọ̀ yìí. Wọ́n jókòó síbẹ̀ yẹn, ẹ bi wọ́n. Ẹ̀yin ọmọdé tó ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ, bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ ké síta. Ẹ̀rọ tó bàjẹ́, wọ́n á ra òmíràn; orúkọ èèyàn ò ṣeé rà. Mùnírátù, gba àforíjì rẹ padà, o ò mọ ohun tí o foríjì nígbà náà. O ti mọ̀ ọ́n báyìí. Ìyá Tàófíìk, dìde níwájú Mùnírátù níbi tí o kúnlẹ̀ sí yẹn. Àáfà, ẹ má sọ fún Mùnírátù pé kó fi ti Ọlọ́run ṣe. Mo mọ̀ wá, gbogbo wa la máa yí i ká, a ó máa bẹ̀ ẹ́ títí á fi dárí jì mí nítorí ojú yín. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá mi bẹ̀ ẹ́. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn ó sọ òtítọ́, a ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ lónìí, bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé "rárá" ló fẹ́ sọ.