Ọkọ̀ Tó Mọ́ Jù

Mo ń dúró de táyà mi lọ́dọ̀ fọkanáísà ní Apple Junction, nígbà tí ọ̀gá kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun báláú bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe mọ́ mẹkáníìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

“Oṣù kẹta rèé tí omi rédíétọ̀ ti ń dínkù, o ò tíì rí ibi tó ń jò!”

Mẹkáníìkì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. “Ẹ̀gbọ́n, ta ló fọ ẹ́ńjìnì yìí?”

“Èmi ni mo ní kí wọ́n fọ̀ ọ́. Mo máa ń fọ̀ ọ́ kí n tó wá. Ṣé kí n kó ìdọ̀tí wá bá ẹ ni?”

“Omi tó bá ń jò díẹ̀díẹ̀ kì í délẹ̀. Ara ẹ́ńjìnì gbígbóná ló máa ń gbẹ sí. Àpá tó bá fi sílẹ̀ ni mo fi ń mọ ojú ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹlẹ́rìí mi lẹ ń fọ̀ dànù.”

Ẹlẹ́rìí mi lẹ ń fọ̀ dànù! Mo dorí kodò kí wọ́n má rí ẹ̀rín mi.

“Ẹ má fọ ẹ́ńjìnì fún ọ̀sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ wá gbé e padà wá.”

“Kí n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì yín wò ní ṣọ́ọ̀ṣì?”

Ọ̀gá wolẹ̀. “Èmi ni. Níṣojú gbogbo ìjọ ni mo ti máa ń bomi sí i.”