Aṣọ Búlúù Tí Mo Gé Lọ́wọ́ Ibiere

"Ta ló tún bọ́ ọ yó kí o tó wálé, Dúrósinmí? Ọkọ ta ni ọ́ gan-an?"

Èmi ni mò ń pariwo bẹ́ẹ̀. Iyán mi ti gan lórí tábìlì, ọkọ mi sì jókòó, ó ń tú okùn bàtà bí ẹni pé adìẹ ló ń ké. Ó ní, "Moríyọ̀, rẹ ohùn rẹ sílẹ̀. Ibiere bu ọbẹ̀ fún mi níbi iṣẹ́. Ebi ń pa mí. Ṣé kí n kọ̀ ọ́ ni?" Mo ní, "Kí o kọ̀ ọ́! Àbí ẹnu rẹ ti kú ni?"

Ẹ̀yin obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi ní Port Harcourt, ogun ti parí, àìsàn inú yìí ò sì ní pẹ́ parí tèmi náà. Títí dòní ni ẹ̀ ń pè mí ní ìyá aláàánú. Ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ara bébà tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà ni mo ti kọ́ ara mi ní ìwé, nítorí náà ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ èyí, kí akọ̀wé kankan má baà bá mi fi oyin ra á lára.

Lọ́dún 1969, ìjọba fẹ́ tún àárín ìlú kọ́. Inú àwọn ìsọ̀ tí ogun ti fọ́ ni àwọn aláìnílé ń gbé, katapílà sì ń bọ̀ wá wó wọn. Ọkọ mi wà lára àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ní kí wọ́n kó àwọn opó àtàwọn ọmọ wọn lọ sí yàrá ní Mgbuoba. Aṣọ búlúù tẹ́ẹ́rẹ́ la fi ń sàmì: ẹni tí a bá so ó mọ́ lọ́wọ́ nìkan ni ṣọ́jà máa jẹ́ kó wọ lọ́rì. Tó bá ti já, kò sí òmíràn, torí àwọn kan ti ń yá ara wọn lò. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi Títílayọ̀ la yọ̀ǹda ara wa láti máa so ó.

Ibiere wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Ìyá rẹ̀ ará Ìjẹ̀bú, bàbá rẹ̀ ará Bùgúmà. Omi ló gbé ọkọ rẹ̀ lọ kí ogun tó dé. Mo mọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Ìṣáwùrú tó ń ṣà létí odò ló fi ń se ọbẹ̀ nínú agolo, tí yóò sì bù ú kiri fún gbogbo ìsọ̀. Lọ́jọ́ tí mo lọ bá a jà, kí n tó la ẹnu, ó ti bu tèmi: "Ìyàwó Ọ̀gá, abẹ̀g, ẹ tọ́ ọ wò. E sweet well-well."

Mo tọ́ ọ wò. Ẹ gbọ́ o: ó dùn ju tèmi lọ. Ká ní kò dùn ni, bóyá ǹ bá ti dárí jì í.

N kò ká wọn mọ́ orí ẹní kan rí. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ọbẹ̀ lásán ni, ẹ̀yin èèyàn! Àmọ́ owú kì í bèèrè ẹlẹ́rìí. Títílayọ̀ sì ń bu epo síná: "Máa sùn o. Obìnrin tó bá ti gba ẹnu ọkọ ẹni, ìyókù ń bọ̀ lẹ́yìn." Ṣé mo lè di ẹ̀bi rù ú? Etí mi ló ti ń yún mi tẹ́lẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí katapílà dé, mo rí aṣọ búlúù lọ́wọ́ Ibiere. Èmi kọ́ ni mo so ó, Títílayọ̀ náà kọ́. Kókó rẹ̀ ni mo fi mọ̀: bí ọkọ mi ṣe ń ta okùn ṣòkòtò rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ó di ọwọ́ obìnrin náà mú, ó so ó fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́! Ojú mi ṣú. Mo ní, "Mú ọwọ́ wá, ó ti dẹ̀, jẹ́ kí n tún un so." Ó na ọwọ́ sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín: "Ìyàwó Ọ̀gá, Ọlọ́run á bù kún yín." Mo ki àlùmọ́gàjí tí a fi ń gé aṣọ náà bọ abẹ́ rẹ̀, mo gé e.

Ẹ dárí jì mí níbí yìí, torí tí mo bá sọ ọ́ tán, ẹ lè má fẹ́ mọ́. Ẹ̀yin ọmọge, bí owú bá gbé yín, ọkọ yín ni kí ẹ bá jà. Ẹ fi ìyá ọlọ́mọ sílẹ̀.

Àwọn ọmọ rẹ̀ ti wà nínú lọ́rì. Bashiru, ṣọ́jà tó dúró tì í, dá Ibiere dúró: "Aṣọ rẹ dà?" Ibiere ké: "Madam yìí ló gé e! Ẹ bi í!" Bashiru yíjú sí mi. "Ìyá, ṣé òótọ́ ni?" Ọkọ mi wà lọ́hùn-ún lọ́dọ̀ katapílà, kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní, "Irọ́ ni. Inú igbó ni ọkọ rẹ̀ wà pẹ̀lú àwọn ọlọ̀tẹ̀. Amí ni."

Lọ́rì mì, ó fẹ́ gbéra. Ibiere fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀yìn lọ́rì mú. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ń ké lókè, "Mama, hold am! Hold am well!" Bashiru yí ìbọn padà, ó gbé ìdí ìbọn sókè, ó sì là á mọ́ ìka Ibiere.