Orúkọ Tí Mo Fi Abẹ Ha Kúrò Lórí Máàpù Òkè

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi, kí ẹ pa rédíò yẹn. Dókítà ní ọkàn mi kò ní pẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀, n kò sì fẹ́ gbé irọ́ wọ sàréè. Máàpù àwọn òkè tí wọ́n gbé kọ́ sí ilé tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí, tí ẹ ń sọ fáyé pé bàbá yín ló ṣe é, èmi nìkan kọ́ ni mo ṣe é. Ọwọ́ mi ló fa ìlà rẹ̀ lóòótọ́, tín-ín-rín bí irun orí ọmọ tuntun. Títí dòní, n kò tíì rí ẹni tó lè fa irú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu díẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló gun òkè? Obìnrin awọ̀nlẹ̀ kan ni, Ẹsẹ̀-Ewúrẹ́ là ń pè é. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi gbé ẹ̀rọ ìwọ̀nlẹ̀ kọ́ èjìká, tí èmi jókòó sí ọ́fíìsì pẹ̀lú ife tíì mi. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, òtútù á ti bó o létè, á na ìwé ìṣirò sí mi: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí òkè yìí kúrú o. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo wọ̀n ọ́n.”

Orúkọ àwa méjèèjì ló wà ní igun máàpù náà. Nígbà tó ku ọ̀la kí a gbé e lọ tẹ̀, mo mú abẹ, mo ha tirẹ̀ kúrò. Ìgbéraga lásán ni. Nígbà tó rí i, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, orúkọ mi dà?” Mo ní, “Ọ̀gá ló ní ẹyọ kan ti tó.” Òpùrọ́ paraku! Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Lọ́dún kejì, ó fẹ́ di olórí àwọn awọ̀nlẹ̀. Ìgbìmọ̀ pè mí, wọ́n bi mí lójú rẹ̀ pé kí ló ṣe lórí máàpù náà. Mo wò ó lójú kòrókòró, mo ní, “Ẹrù ló bá wa rù.” Ó bẹ̀rẹ̀, ó so okùn bàtà rẹ̀, ó jáde. Ó fi iṣẹ́ awọ̀nlẹ̀ sílẹ̀, ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò.

Lánàá, ìyá yín mú mi dé ilé Ẹsẹ̀-Ewúrẹ́. Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ti gan yìí. Ó ní, “Ẹ dìde, Ẹ̀gbọ́n. Mo ti bínú tán tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu tí ẹ fi bà mí jẹ́ ni kí ẹ fi tún mi ṣe, kó má jẹ́ etí tèmi nìkan ni yóò gbọ́ ọ.” Ìdí tí mo fi pè yín nìyí. Mo ti kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń bójú tó ilé ohun àtijọ́ náà pé kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ máàpù náà, kó ṣáájú tèmi. Ẹ̀yin náà, ẹ dárí jì mí. Kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ yín pé obìnrin kan gun òkè mọ́kànlélógún, ó wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ṣi ọ̀kan wọ̀n. Pé mo bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, iyì ńlá ni fún mi.