Orin Tí Mo Nù Kúrò Nínú Fóònù Télọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka èrò mi nípa fóònù àti orin láti ọdún mẹ́ta wá, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́. Lónìí, mi ò fẹ́ sọ ti fóònù tí bátìrì rẹ̀ ń tètè kú, mi ò sì fẹ́ sọ ti íápíìsì tó ń dún bí agolo òfìfo. Ti ara mi ni mo fẹ́ sọ. Ohun tí mo ṣe ti há mi lọ́fun, kò ṣeé gbé mì, bí mi ò bá sì tú u síta síbí, mi ò mọ ibi tí n ó gbé e gbà.

Etí Ọ̀dájú lẹ mọ̀ mí sí. Ẹ̀yin náà lẹ fún mi lórúkọ yẹn, nítorí pé n kì í yọ́nú sí orin tí kò dáa. Àwọn kan nínú yín rò pé àgbà ọkùnrin kan tó ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ ni mí. Ọmọbìnrin ni mí o. Mò ń tún fóònù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju yàrá kan lọ. Tábìlì mi wà lẹ́bàá fèrèsé, mo sì ní àwọn ìwé ìtàn ìfẹ́ pẹlẹbẹ mọ́kànlélógún nínú àpótí tábìlì náà, lábẹ́ àwọn bátìrì tó ti kú. Inú ìwé wọ̀nyẹn ni mo ti kọ́ pé bí ìfẹ́ bá dé, àyà á máa lù kìkì, orúnkún á sì rọ. Wọn ò kọ́ mi ní bí èèyàn ṣe ń fẹ́ ẹni tí gbogbo ayé ń wò.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń ránṣọ ní òdìkejì títì wa. Télọ̀ ni gbogbo wa ń pè é. Bó bá ti ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ báyìí, tàkà-tàkà-tà, orin á gùn ún. Á gbé fóònù rẹ̀ àtijọ́ ka orí àkísà, á jẹ́ kó máa gbohùn sílẹ̀, ìró ẹ̀rọ yẹn ló sì ń fi ṣe ìlù. Lẹ́yìn náà á gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì láìfi ojú ara rẹ̀ hàn. Ohùn rẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi! Bí ẹni da omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ síni lẹ́yìn ni. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé, irin gbígbóná tí mo fi ń lẹ wáyà ni mo fi jó ìka ara mi. Ó rí báńdéèjì náà lọ́jọ́ kejì, ó ní, "Pẹ̀lẹ́ o, Àǹtí Onífóònù. Ta ló ṣe ẹ́ léṣe?" "Ìwọ ni" ló wà lẹ́nu mi. Ohun tó jáde ni, "Iṣẹ́ ni." Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wa, tí ìkíni di ìjókòó, tí ìjókòó sì di ohun tí mi ò lè máa ròyìn fún yín tán. Kò mọ̀ pé èmi ni Etí Ọ̀dájú. Ìyá Ṣájà nìkan ló mọ̀, obìnrin tó ń ta ṣájà níwájú ṣọ́ọ̀bù wa, tẹ́nu ẹ̀ kì í sinmi.

Àfi bí orin Télọ̀ ṣe gbòde. Àwòrán ọkàn pupa ló kún abẹ́ gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ẹni tó ni ohùn yìí, jọ̀ọ́ wá fẹ́ mi." Ọ̀kan tilẹ̀ ní òun á wọkọ̀ wá bá a níbikíbi tó bá wà. Ìyá Ṣájà kà á sí mi létí, ó ń rẹ́rìn-ín kèé: "Ọ̀rẹ́ mi, wọ́n ti ń tò sórí ìlà nítorí ọkọ ẹ o! Tètè lọ dúró sórí ìlà tìẹ." Mo bá a rẹ́rìn-ín. Mo padà sídìí tábìlì mi. Nínú àwọn ìwé mi, obìnrin búburú máa ń kun ètè ní pupa, á sì máa fi ẹ̀rín ṣe yẹ̀yẹ́, èèyàn á ti dá a mọ̀ láti ojú ewé kìíní. Èmi, aṣọ iṣẹ́ tó rí bí eérú ni mo wọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àyà mi sì mọ́ lójú ara mi. Mo jókòó, mo kọ ọ́ síbí pé: "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín. Ìlù inú orin yìí ò yẹ̀ rárá, ohùn náà sì mọ́ jù. Kọ̀ǹpútà ló ṣe gbogbo ẹ̀. Kò sí èèyàn kankan níbẹ̀." Èmi tí mo ti jókòó ti ẹsẹ̀ tó ń tẹ ìlù yẹn! Mo rò pé àwọn ọmọbìnrin náà á kàn tú ká ni, kó lè ṣẹ́kù fún èmi nìkan. Ìyá Ṣájà ló kọ́kọ́ bá mi pín in kiri. "Eré ni," ló wí.

Kí ọjọ́ kejì tó pé, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò ní ròyìn ẹ̀ púpọ̀, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. "Olè!" "Ayédèrú!" Ó ya fídíò ara rẹ̀ níbi tó ti ń ránṣọ tó ń kọrin. Ẹ ní kọ̀ǹpútà ló ṣe fídíò náà. Ó kọrin láìsí ẹ̀rọ. Ẹ ní ohùn ò jọra. Ilé iṣẹ́ rédíò kan ló ṣàánú rẹ̀. Wọ́n ní kó mú fóònù tó fi gba àwọn orin náà sílẹ̀ wá lọ́jọ́ Ẹtì, káwọn gbọ́ wọn bí wọ́n ṣe wà gan-an, káwọn sì wo ọjọ́ tó wà lára wọn. Bó bá jẹ́ òótọ́, àwọn á jẹ́ kó kọrin lórí afẹ́fẹ́. Ó fi ayọ̀ sáré sọdá títì láti wá sọ fún mi, fóònù sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ojú fóònù náà fọ́ yángá. Ó rọra gbé e lé mi lọ́wọ́ bí ẹni gbé ìkókó. "Bí mo ṣe kọ́kọ́ kọ wọ́n ló wà níbẹ̀, mi ò ní in síbòmíì," ó ní. "Ọ̀kan wà níbẹ̀ tẹ́nì kankan ò tíì gbọ́. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ikú màmá mi ni mo kọ ọ́, àwọn ló ń gbè é lẹ́yìn mi látorí bẹ́ẹ̀dì wọn. Tí mo bá ti rédíò dé, màá jẹ́ kó o gbọ́ ọ. Má bi mí pé ta ni mo kọ ọ́ fún."

Ọ̀gá wa ní òfin kan, ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri: KỌ́KỌ́ DÀ Á KỌ. Gbàrà tí fóònù oníbàárà bá ti tàn, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ da gbogbo ohun inú rẹ̀ kọ sínú kọ̀ǹpútà, ká tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Mo pààrọ̀ ojú fóònù náà, ó tàn. Mo rí àwọn orin rẹ̀ tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, mọ́kàndínlógójì, tọjọ́ tọjọ́. Mo ki wáyà bọ̀ ọ́. Ìgbà náà ni mo rí ọjọ́ Ẹtì yẹn níwájú mi: rédíò á ní òótọ́ ni, ẹ̀yin á máa wá Etí Ọ̀dájú kiri, ẹnì kan á tú mi fó, Télọ̀ á sì mọ̀ pé èmi ni. Mo yọ wáyà. Mo tẹ ibi tí wọ́n ti ń nu gbogbo nǹkan. Fóònù bi mí pé, ṣé ó dá mi lójú? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Fóònù lásán-làsàn fún mi láyè láti ronú pìwà dà lẹ́ẹ̀mejì! Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Kò pé ìṣẹ́jú mélòó kan tó fi di òfìfo, bí ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́ nínú páálí.

"Ó ti kú kó tó dé ọ̀dọ̀ mi," ni mo sọ fún un. Ẹkún gbọ̀n mí, ẹkún òótọ́ sì ni. Ẹ wá wo ohun tí ọkùnrin yìí ṣe. Ó mú àjákù aṣọ kan nínú àpò rẹ̀, ó fi nu ojú mi. "Dákẹ́, olólùfẹ́ mi. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ. Ìwọ nìkan lo gbà mí gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀." Ká ní ó gbá mi létí ni, ì bá sàn fún mi.

Kò lọ sí rédíò. Ó yọ gbogbo orin rẹ̀ kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo gbìyànjú o! Lóṣù tó kọjá, mo kọ ọ́ síbí pé mo ṣèṣì, pé èèyàn ló ń kọ orin náà. Ẹ rántí èsì yín? "Wọ́n ti ra Etí Ọ̀dájú." "Ẹlòmíì ló ń lo ojú ìwé yìí báyìí." Irọ́ mi, ẹ gbé e kárí ayé. Òótọ́ mi ò tiẹ̀ sọdá títì. Nígbà tí mo sọ ti fóònù fún Ìyá Ṣájà, ó dìde lórí àpótí tó ń jókòó lé. "Èmi rò pé à ń ṣeré ni," ó ní. "Ohùn ìyá rẹ̀ tó ti kú náà lo nù? Lọ sọ fún un, àbí kó o má kí mi mọ́."

Àná ni Télọ̀ pè mí pé kí n wá wọn aṣọ tí n ó wọ̀ lọ kí bàbá òun. Ó wọ̀n mí ní èjìká, ó wọ̀n mí ní ìbàdí, kò kọrin. Abẹ́rẹ́ olórí tí wọ́n fi ń di aṣọ mú ló tò sáàárín ètè, níbi tí orin máa ń gbà jáde. Mo ní, "Èmi ni Etí Ọ̀dájú. Èmi náà ni mo nu fóònù ẹ." Ó yọ àwọn abẹ́rẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gún wọn mọ́ tìmùtìmù kékeré tó so mọ́ ọrùn ọwọ́. Mò ń retí èébú. Ó ní, "Ṣé o tiẹ̀ gbọ́ ọ kó o tó nù ún? Èyí tí màmá mi wà níbẹ̀?" Mo ní rárá. Ó mi orí. "Orúkọ ẹ ni wọ́n fi ń gbè é." Ó padà jókòó, ó fa aṣọ oníbàárà kan sábẹ́ abẹ́rẹ́, tàkà-tàkà-tà. Mo dúró níbẹ̀ títí ó fi rán an tán, tó mú òmíràn. Kò wo ojú mi mọ́.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá fẹ́ràn ẹnì kan, ẹ má fẹ́ kó kéré kọ́wọ́ yín lè gbà á. Mi ò ní kí ẹ dárí jì mí. Ààyè èébú wà nísàlẹ̀, ó ṣí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé orin tí ẹ bá fẹ́ràn, ẹ máa ń fi pamọ́ sínú fóònù yín. Kí ẹ tó bú mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wò ó. Bí ẹyọ kan péré nínú orin Télọ̀ bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, òun ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí, kì í ṣe èmi. Mo ti tú inú fóònù tèmi wò. Kò sí ọ̀kan. Èmi tí mo fẹ́ràn wọn jù lọ, mi ò fi ẹyọ kan pamọ́, nítorí mo rò pé ẹni tó ń kọ wọ́n á máa wà lódìkejì títì títí ayé.