Ẹni Tí Yóò Kọ́kọ́ Bu Yẹ̀pẹ̀ fún Jẹ́jẹ́lọlá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀yin ará Àyèká, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá láti Àjàgbà, ẹ̀yin ará Ìjù-Odò tẹ́ ẹ ń wẹ̀yìn wò bóyá oúnjẹ ti ń bọ̀, mo rí yín o, ẹ̀yin náà ẹ kú ìrọ́jú. Àwọn alàgbà ìjọ ti bẹ̀ mí pé kí n má pẹ́ níbi àìsùn òkú alẹ́ yìí. Wọ́n mọ̀ mí. Èmi Benedict rèé, tí mo kúrò níléèwé ní kíláàsì kẹta nítorí pé tíṣà fẹ́ràn ẹgba ju bí mo ṣe fẹ́ràn ìwé lọ.

Àbúrò mi ló kú. Jẹ́jẹ́lọlá tí wọ́n bí tẹ̀lé mi ló kú. Ẹni tó yẹ kó sin mí ni mo wá sin yìí.

Wọ́n ní orúkọ ń ro ọmọ. Bàbá wa sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́lọlá kó lè máa rìn jẹ́jẹ́, kó máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé orúkọ yẹn ro ó? Ẹ má purọ́ níwájú òkú o! Obìnrin tó jẹ́ pé tó bá bá ewúrẹ́ wí ní Àyèká, ewúrẹ́ Òkìtìpupa á sá wọlé. Ṣùgbọ́n ta ló dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí tí kò jẹun? Ó ń bú ọ, ó ń bu ọbẹ̀ fún ọ. Tó o bá ní o ti yó, èébú á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọlọ́wọ́ òsì ni. Ìyá wa ló jọ. Ìyá wa náà, ọwọ́ òsì ló fi ń gé igi. Ẹní bíni là á jọ. Àmọ́ bàbá wa ò gbà. Ta ló máa fi ọwọ́ òsì kí àgbà? Ta ló máa nawọ́ òsì gba nǹkan nílẹ̀ Ìkálẹ̀ yìí? Tí oúnjẹ bá ti délẹ̀, bàbá á fi àkísà di ọwọ́ òsì ọmọ mọ́ ọn níhàá, títí ọwọ́ ọ̀tún fi mọ ọ̀nà ẹnu. Ọmọ gbọ́, ó sì mọ̀ ọ́n. Ọ̀tún ló fi ń jẹun, ọ̀tún ló fi ń kí yín. Ṣùgbọ́n tó bá ti dé ìdí púpurú, òsì á jáde! Á bu ẹ̀gẹ́ tó ti rẹ, tí wọ́n ti fún omi rẹ̀ dànù, á yí i róbótó, á gbé e sórí àjà kí èéfín gbẹ ẹ́. Gbogbo púpurú ilé wa, ọwọ́ òsì ló yí i. Bàbá wa jẹ ẹ́ títí ó fi darúgbó, kò ṣe é ní nǹkan kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rántí díẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, tí ilẹ̀ bá mọ́, èéfín púpurú á ti bo gbogbo Àyèká, tí ẹ ò ní mọ ilé tó dáná àti ilé tí kò dáná. Gbogbo ìyá tó wà ládùúgbò ló láṣẹ láti nà wá. Tí ìyá kan bá nà ọ́ tán, á fún ọ lẹ́ja, á ní kó o má sọ nílé. Ibi tí ìwà èmi àti Jẹ́jẹ́lọlá ti wá nìyẹn: ẹgba ará àdúgbò, ẹja ará àdúgbò. Ẹgba yẹn ò tó lára tèmi, mo mọ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kan ibi tó ń dun ilé wa. Jẹ́jẹ́lọlá kò bímọ. Ó ní ọ̀rẹ́ kan, ará Ijaw, tó ń kó ẹja gbígbẹ wá fún un láti Arógbò. Ọ̀rẹ́ yẹn bímọ tán, ó kú, kò sì sẹ́ni tó lè tọ́ ìkókó. Sùtánà funfun tí Jẹ́jẹ́lọlá wọ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ ló fi di ọmọ náà wálé. Aníwúrà nìyẹn, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí yẹn.

Lánàá, níbi ìpàdé ẹbí, Gideon àbíkẹ́yìn ilé wa dìde. Ó ní ọmọ òkú ló ń kọ́kọ́ bu yẹ̀pẹ̀ sí sàréè. Ó ní Aníwúrà kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ wa. Ó ní kí Olúyọmí, ọmọ tèmi, ṣíwájú, kí Aníwúrà dúró láàárín àwọn àlejò. Àlejò! Àwọn kan mi orí. Wọ́n wá ní èmi olórí ẹbí ni kí n parí ọ̀rọ̀. Gideon, má wolẹ̀, mi ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Èmi náà ti wá ẹ̀jẹ̀ kiri lára ọmọ yìí rí. Ó ṣì kéré nígbà yẹn, a mú un lọ sí Ìjù-Odò. Ó rí odò, ó bẹ́ sínú rẹ̀ gbùùm! Mo pariwo pé, "Jẹ́jẹ́lọlá, wá wò ó, ẹ̀jẹ̀ Ijaw ti ń pè é o!"

Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin. "Bùọ̀dá, àwọn ọmọ Ìkálẹ̀ tó kún inú odò yẹn ńkọ́, ẹ̀jẹ̀ ta ló pe àwọn?"

Mo wo odò. Lóòótọ́, àwọn ọmọ kún ibẹ̀ bí ẹja wẹ́wẹ́. Ẹyọ kan tí mò ń wò nìkan ni mo rí.

Ó tún ní, "Olúyọmí tiyín tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ wa rèé, tó ń sunkún létí omi."

Olúyọmí, má dá mi lóhùn. Gbogbo ayé ti mọ̀.

Mi ò ní ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan o. Imú Aníwúrà kì í ṣe imú ilé wa. Ẹ ṣáà wo imú wa, kí Ọlọ́run ṣàánú. Gíga rẹ̀ kì í ṣe tiwa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni wọ́n bí i. Ọ̀tún ló fi ń kọ̀wé, ọ̀tún ló fi ń ju òkò. Tó bá dé ìdí púpurú ńkọ́? Òsì! Ta ló kọ́ ọ? Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ ló jókòó sí láti kékeré, bó ṣe rí i ló ṣe é. Ohun tí ìyá wa fi ẹ̀jẹ̀ fún Jẹ́jẹ́lọlá, Jẹ́jẹ́lọlá fi ìjókòó fún Aníwúrà. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Tó bá ti di ọṣẹ tán, Gideon, ta ló tún ń bi í léèrè igi tó ti já bọ́?

Ṣé kí n sọ tàárọ̀ yìí? Màá sọ ọ́. Èmi àti Gideon jókòó lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, ó ń ro ẹjọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ. Ni ohùn kan bá bú jáde lẹ́yìn ilé ìdáná: "Ta ló fi ìkòkò yìí sílẹ̀ láìdé e? Ṣé eṣinṣin lẹ fẹ́ fi bọ́ àlejò ni? Ẹni tó ní òun ń bọ̀ wá lagi dà?"

Gideon fò dìde. Ó ṣí fìlà. "Sìsí, ẹ má bínú, mo ti ń bọ̀ o!"

Ó ti gbé àáké kó tó rántí pé Sìsí wà nínú pósí. Aníwúrà ló ń bínú.

Ẹ rẹ́rìn-ín, ó yẹ kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwa kò rẹ́rìn-ín. Gideon jókòó padà, ó bú sẹ́kún, èmi náà bá a sun ún. Fún ìgbà díẹ̀, àbúrò mi ò tíì kú. Mo tilẹ̀ ń retí kó bú èmi náà.

Gideon, etí rẹ ti jẹ́rìí, kí ni ẹnu rẹ ń jiyàn sí? Lọ́la, Aníwúrà ni yóò kọ́kọ́ bu yẹ̀pẹ̀. Olúyọmí yóò dúró tì í, yóò dì í lápá mú, nítorí àbúrò rẹ̀ ni. Ṣé o gbà? Gbóhùn sókè, àwọn ará Ìjù-Odò ò gbọ́. Ẹ gbọ́ ọ? Ó ní òun gbà. Ó ní òun fúnra òun ló máa mú un dé etí sàréè. O ṣeun, ọmọ bàbá mi. Aníwúrà, nu ojú rẹ.

Jẹ́jẹ́lọlá, máa lọ, ọ̀nà rẹ á tutù. Níbi tí ò ń lọ, ohun tí wọ́n bá gbé fún ọ ni kó o jẹ. Má ní kò jinná, má wọ ilé ìdáná wọn lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Tó o bá rí ìyá wa, sọ fún un pé a ò pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ilé ò tíì dahoro. Tó o bá rí ọ̀rẹ́ rẹ ará Arógbò, jókòó tì í dáadáa. Sọ fún un pé ọmọ dàgbà. Sọ bó ṣe ga tó fún un, òun ló ni ìyẹn. Ìyókù ńkọ́? Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ pín in láìjà.

Ó dàárọ̀ o, ọmọ ìyá mi.